Mímọ Ohun Tó Wà Nínú Ìbọn: Ìlò àti Fífọ̀ Ìbọn Ṣakabùlà

 Àkòrí tí ẹgbẹ́ ọdẹ yàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ìlò ìbọn ṣakabùlà láìsí ewu àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ìbọn tí a kò lè rí inú rẹ̀

Ṣakabùlà ni ìbọn tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki. Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni òwú, ihá ẹyìn tàbí àkísà tí a fi ń dí ẹ̀tù mọ́lẹ̀. Ọta á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdí mìíràn tí kò ní jẹ́ kí ọta yí jáde bí ọdẹ bá dojú ìbọn kọlẹ̀. Ọ̀pá ìkibọn la fi ń ti gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ihò tín-ínrín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn tí iná ń gbà wọlé: nínú ìbọn olókùúta, ìṣáná òkúta lára irin ló ń tan ẹ̀tù inú àwo kékeré tó wà lẹ́nu ihò náà, nínú ìbọn oníkápù, kápù tí òòlù bá gbá ló ń ta iná sínú.

Ìbọn tó ń lo kàtíréèjì ṣe é ṣí wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó kún, yóò ṣẹ́ ẹ, yóò yọjú wo inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ṣakabùlà kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kún àti èyí tó ṣófo, bákan náà ni wọ́n rí lójú, bákan náà ni wọ́n wúwo lọ́wọ́. Èyí ni gbòǹgbò ewu rẹ̀, òun náà sì ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní í sọ. Ìṣọ́ra tó wà nídìí kíki, yíyìn àti fífọ̀ ìbọn yìí, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wá: kí ọdẹ mọ ohun tó wà nínú ìbọn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ó má ṣe máa rò ó. Nítorí náà, fífọ̀ ìbọn kì í ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó tí a lè fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ara ààbò ni.

Ó ti pẹ́ tí irú ìbọn yìí ti wà láàárín wa. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú àwọn tó gba etíkun wọlé ní ayé àtijọ́. Òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun nígbà tí ogun Kírìjì, tí àwọn Yorùbá bá ara wọn jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Kí ogun náà tó parí ní 1893, ìbọn tí a ń ti ìdí ki ti dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìhà tó ń jagun náà. Ṣakabùlà kò tìtorí èyí kúrò nílẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń rọ ọ́. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 fi ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù sí ìsọ̀rí tiwọn, ó sì sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ní in gba ìwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ irin ìbọn kò ṣeé fojú fò. Ní 1813 ni wọ́n dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ìlò ojoojúmọ́ lọ yin irin ìbọn, tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ sára èyí tí kò bẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọn tí a fi páìpù omi ṣe, kò sẹ́ni tó dán an wò kí ó tó dé èjìká ọdẹ. Páìpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ojú ìjó lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ya. Kò sí àwíjàre fún un: páìpù omi kì í ṣe irin ìbọn, ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, kí ó má yìn ín mọ́.

Ẹnu ìbọn

Àwọn àgbà ti sọ òfin àkọ́kọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹ̀dá alààyè tí a kò fẹ́ pa, ì báà jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú apátí rẹ̀ kúrò. Òfin yìí ṣòro láti pa mọ́ lọ́dọ̀ oníṣakabùlà ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé iwájú ẹnu ìbọn gan-an ni iṣẹ́ kíki rẹ̀ wà. Ẹni tó ń ki ìbọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orí tàbí àyà rẹ̀ wà lókè ẹnu ìbọn. Ìdí ìbọn ni yóò fi kanlẹ̀, yóò sì tẹ ẹnu rẹ̀ síta kúrò lára ara rẹ̀ àti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó yí i ká. Àwọn kan máa ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ìbọn lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè kú. Àṣà náà burú. Ẹni tó fẹnu kan ẹnu ìbọn ti fi orí ara rẹ̀ ṣe ibi tí ọta yóò bà.

Ìka kì í kan apátí títí ojú ọdẹ yóò fi rí ẹran, tí yóò sì mọ irú ẹran tó jẹ́ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú méjì tó ń tàn nínú òkùnkùn kò tó. Igbó tó mì kò tó. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ wa ló ti sọkún nítorí ọdẹ tó rò pé etu ni òun yìn, tó sì jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí àgbẹ̀ tó sùn sí oko ni. Àwọn ọdẹ tó bá jọ wọ igbó gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ọ̀nà tí oníkálùkù yóò gbà àti bí wọn yóò ṣe máa pe ara wọn, kí ìbọn kankan tó kún.

Iná ọdẹ ńkọ́? Àtùpà kábáídì tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí, iná gidi ló ń jó lójú rẹ̀. Ọdẹ tó bá tẹrí ba láti ki ìbọn pẹ̀lú irú iná bẹ́ẹ̀ lórí, iná ló gbé lọ bá ẹ̀tù. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ló yẹ ọdẹ òru. Ẹni tó bá ṣì ń lo kábáídì, kí ó bọ́ ọ, kí ó gbé e jìnnà kí ó tó ṣí àdó ẹ̀tù. Bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá.

Kíki ìbọn

Ẹ̀tù dúdú nìkan ló wà fún ṣakabùlà. Ní 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, irú rẹ̀ ló sì wà nínú kàtíréèjì òde òní. Agbára ẹ̀tù yìí pọ̀ ju èyí tí ṣakabùlà lè gbà mọ́ra lọ fíìfíì. Ọdẹ tó bá tú kàtíréèjì, tó da ẹ̀tù rẹ̀ sínú ṣakabùlà, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nígbà tó bá ń kì í mọ́lẹ̀. Ìgbà tí irin bá bẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tó mọ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nídìí ìbọn yìí, bóyá ni ọ̀kan wà tó ń gé ọwọ́ tó sì ń fọ́ ojú tó èyí.

Òṣùwọ̀n ni a fi ń wọn ẹ̀tù. Ife kékeré tí a fi ọparun tàbí ìwo gbẹ́ tó fún un, bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti yí padà. Kò tọ́ kí a da ẹ̀tù láti inú àdó tààrà sẹ́nu ìbọn, nítorí pé lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, ẹyín iná kékeré lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, lára òwú tàbí nínú èérí ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù tuntun bá bá a, iná yóò gba ojú ẹ̀tù tó ń dà bọ̀ gòkè lọ sínú àdó, àdó yóò sì di bọ́ǹbù lọ́wọ́ ọdẹ. Bó bá jẹ́ inú òṣùwọ̀n ni ẹ̀tù wà, ìwọ̀n ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀kan ni yóò jó. Ọwọ́ lè jóná, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò kù. Kí a sì dé àdó, kí a gbé e sẹ́yìn kí a tó yin ìbọn.

Kí ọdẹ tó da ẹ̀tù kankan, irin tó di òkúta mú gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, àwo gbọ́dọ̀ ṣófo. Bó bá jẹ́ oníkápù, kápù kò gbọdọ̀ sí lórí rẹ̀. Ohun tí yóò tan ìbọn ni a ń fi sí i kẹ́yìn, nígbà tí ẹnu ìbọn bá ti kọjú sí ibi tí a fẹ́ yìn ín sí. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà ń ki ìbọn tó ti ṣe tán láti dún.

Ọwọ́ tó di ọ̀pá ìkibọn mú kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnu ìbọn. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń tì í. Ọ̀pá igi tí a bá fi gbogbo agbára gbá láti òkè lè ṣẹ́, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sì gún àtẹ́lẹwọ́ jáde lódìkejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Bí ọta bá há sí àárín ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ yin ìbọn bẹ́ẹ̀ pé iná yóò ti í jáde. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta lè mú kí irin wú níbẹ̀ tàbí kí ó ya.

Níbi yìí ni ọgbọ́n kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ọdẹ ti ọ̀pá ìkibọn bọ inú ìbọn tó dá a lójú pé ó ṣófo, kí ó sì fi ọ̀bẹ fá àmì yí ọ̀pá náà ká níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Kí ó wá ki ìbọn pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀tù àti ọta tó máa ń lò, kí ó fá àmì kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pá yẹn ni yóò máa sọ ohun tí ojú kò rí. Bí àmì àkọ́kọ́ kò bá wọlẹ̀ dé ẹnu ìbọn, nǹkan wà nínú rẹ̀. Bí àmì kejì bá dúró lókè ẹnu ìbọn lẹ́yìn tí a ki í tán, yálà ọta kò tíì jókòó lé ẹ̀tù dáadáa, tàbí a ti ki í lẹ́ẹ̀mejì. Kò yẹ kí a rí ọ̀pá ìkibọn kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní àmì méjèèjì.

Ẹni tó bá rò pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè ki ìbọn lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gettysburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìjà ọjọ́ mẹ́ta tó wáyé níbẹ̀ ní oṣù Keje 1863, wọ́n ṣa ìbọn 27,574 jọ ní pápá ogun. Nǹkan bí 24,000 nínú wọn ló ṣì kún. Nínú àwọn tó kún yìí, ìdajì ló ní ẹ̀tù àti ọta ẹ̀ẹ̀mejì nínú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì gbọ́ pé ọ̀kan wà tí wọ́n ki nígbà 23 láìyìn ín. Ológun ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n ti kọ́ kíki ìbọn títí tó fi mọ́ wọn lára. Ariwo ìjà àti ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìbọn ọwọ́ àwọn kò dún. Ọdẹ tí ẹfọ̀n kọjú sí nínú igbó náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbọ́kàn lé ìrántí. Ọ̀pá ìkibọn ni kí a bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tí a ń yìn níbi ìsìnkú ọdẹ àti níbi ọdún ìbílẹ̀ wà lábẹ́ ìsọ̀rí yìí náà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìbọn tí kò ní ọta kò lè ṣe nǹkan kan. Òwú tàbí àkísà tí ẹ̀tù ti jáde lè wọ ara ènìyàn tó bá wà nítòsí, ó sì lè ti iná bọ òrùlé. Kí ariwo lè pọ̀ ni wọ́n ṣe máa ń da ẹ̀tù púpọ̀ sí i, tí wọ́n sì máa ń kì í mọ́lẹ̀ gan-an, nígbà tí ọtí ti wà lójú. Bí a bá fẹ́ bu ọlá fún òkú ọdẹ, ìwọ̀n ẹ̀tù tí a ń lò lóko tó, òkè ni ẹnu ìbọn yóò kọjú sí, àwọn èrò yóò sì wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti mutí, kí ó jókòó wòran.

Nígbà tí ìbọn bá kọ̀

Nígbà mìíràn, iná yóò jó nínú àwo, ìbọn kò sì ní dún. Àkókò yìí léwu ju ìgbà tó dún lọ. Iná lè ṣì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ihò, kí ìbọn sì dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nígbà tí ọdẹ ti gbé e sọ̀ tó ń wò ó. Kí ó má gbé e sọ̀. Kí ó di ìbọn mú bó ṣe wà, kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sí ibi tó ń yìn ín sí, ó kéré tán fún ìdajì ìṣẹ́jú; ìṣẹ́jú kan gan-an kò pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi okùn irin tín-ínrín gún ihò iná, yóò fi ẹ̀tù tuntun sínú àwo tàbí kí ó dé kápù tuntun, yóò sì tún un yìn.

Bó bá tún kọ̀, omi ló kù. Kí a da omi sí i láti ẹnu àti láti ihò iná títí ẹ̀tù inú rẹ̀ yóò fi rin gbingbin. Ẹ̀tù tó rin kò lè jó. Ìgbà yẹn ni a ó fi irin ẹlẹ́nu lílọ́ tí a so mọ́ ọ̀pá ìkibọn fa ìdí àti ọta jáde. A kò gbọdọ̀ fi iná sun ìdí ìbọn, a kò sì gbọdọ̀ fi òòlù lù ú.

Ibùdúró ìdajì, níbi tí irin tó di òkúta mú ti ń dúró láàárín ọ̀nà kí a tó fà á sẹ́yìn tán, kì í ṣe ààbò tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Eyín rẹ̀ ń jẹ, nínú ìbọn tó ti gbó, irin náà lè fò kúrò lórí rẹ̀ bí nǹkan bá gbá a. Nítorí náà, ọdẹ tó bá fẹ́ fo odò, gun igi tàbí gun ọ̀kadà, kí ó kọ́kọ́ yọ kápù tàbí kí ó gbọn ẹ̀tù àwo dànù. Àwọn ọdẹ tó ń bá Àmọ̀tẹ́kùn àti ẹgbẹ́ aláàbò ìlú mìíràn ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí itan, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ.

Fífọ̀ ìbọn

Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potassium nitrate ló wà nínú ẹ̀tù dúdú. Bó bá jó, ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni kì í di atẹ́gùn. Apá kan á bá èéfín funfun jáde, apá kan á lẹ̀ mọ́ inú irin bí èérí dúdú. Iyọ̀ ló pọ̀ nínú èérí yìí, iyọ̀ sì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Nílẹ̀ wa tí afẹ́fẹ́ ti máa ń tutù rinrin lásìkò òjò, ìbọn tí a yìn ní àṣálẹ́ tí a sì gbé kọ́ láìfọ̀ ti ń dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìpẹtà ń jẹ irin tín-ín-rín níbi tí agbára ẹ̀tù ti pọ̀ jùlọ, nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé. Èérí tó gbẹ mọ́ inú ń há ọta sí àárín ọ̀nà. Ó ń dí ihò iná, kí ìbọn máa kọ̀. Ó sì ń fi ẹyín iná pamọ́. Ẹ wò ó bí gbogbo ewu tí a ti kà sẹ́yìn ṣe padà wá sídìí èérí.

Omi ló ń ṣẹ́gun èérí ẹ̀tù. Epo kọ́. Ẹni tó bá da epo ẹ́ńjìnnì sí inú ìbọn tí kò tíì fọ̀, ó ti po èérí di ọ̀dà dúdú, iyọ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa jẹ irin lọ. Kí a kọ́kọ́ fi ọ̀pá ìkibọn wọn inú ìbọn láti mọ̀ dájú pé ó ṣófo. Kí a tú irin ìtanná kúrò bó bá ṣe é tú. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tó. Ọṣẹ dúdú náà dára, bí a bá fi omi lásán ṣàn án kúrò dáadáa. Kí a wé àkísà mọ́ ẹnu ọ̀pá, kí a máa tì í lọ tì í bọ̀, kí omi dúdú máa gba ihò iná jáde. Omi náà yóò máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Imí ọjọ́ inú ẹ̀tù ló fà á. Kí a máa pààrọ̀ omi àti àkísà títí àkísà yóò fi jáde ní funfun.

Gbígbẹ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Àkísà gbígbẹ kan kò tó. Kí a máa fi òmíràn nù ún títí ọ̀kan yóò fi jáde láìrin rárá, kí a dojú ìbọn dé fún ìgbà díẹ̀, kí a tún nù ún. Nígbà náà ni a ó wá fi epo tín-ín-rín tàbí òrí tí kò ní iyọ̀ pa inú àti òde rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí a tún ti àkísà bọ̀ ọ́. Bó bá jáde ní pupa, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀, kí a tún un fọ̀. Bí a bá sì fẹ́ yin ìbọn náà, kí a kọ́kọ́ nu epo inú rẹ̀ kúrò, kí ó má baà rin ẹ̀tù.

Bí ọdẹ bá ń yin ìbọn léraléra, kí ó má dúró di ilé. Lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, kí ó ti àkísà tó rin díẹ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀, kí ó fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e. Àkísà rírin yẹn ń pa ẹyín iná, ó sì ń rọ èérí kí ọta tó ń bọ̀ lè wọlé láìjà.

Ìgbà fífọ̀ náà ni ìgbà àyẹ̀wò. Ọwọ́ tó ń nu irin ló ń mọ ibi tó ti wú tàbí tó ti ya. Ó ń rí òkúta tó ti mì, igi ìbọn tí kòkòrò ti jẹ, àti eyín apátí tó ti jẹ tán. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ di ti alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ ìbọn, kí ó má sì dún mọ́ títí yóò fi tọ́jú rẹ̀.

Ìbọn nínú ilé

Ìbọn tó kún kì í wọ ilé. Èyí tó bá ti oko dé láìdún, ẹ̀yìn odi ni kí a ti yìn ín sí ilẹ̀ rírọ̀ tàbí kí a ti fi omi pa ẹ̀tù rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ kan máa ń ti ìyẹ́ ẹyẹ bọ ihò iná ìbọn tó bá ṣófo. Ó dára kí àṣà náà padà wá, ṣùgbọ́n àmì lásán ni. Ọ̀pá ìkibọn ló ní ẹ̀rí. Kí a ti ìbọn mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, kí ẹ̀tù wà ní yàrá mìíràn, nínú ohun tó ní ìdérí, jìnnà sí ààrò, gáàsì ìdáná àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀tù tó bá ti rin, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yá a níná. Kí a da omi púpọ̀ lé e títí yóò fi di ẹrẹ̀, kí a sì dà á nù.

Etí àti ojú ọdẹ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìró ìbọn ń di etí díẹ̀díẹ̀, etí tó bá sì ti di bẹ́ẹ̀ kì í là mọ́. Òwú tí a dì sí etí sàn ju kí a má fi nǹkan kan sí i. Iná tó ń bù jáde láti ihò ìbọn ń fọ́n sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí àwo wà, awò ojú sì yẹ ẹni tó ń yìn ín.

  Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwọn alágbẹ̀dẹ tó wà níbí yóò bá ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀pá ìkibọn rẹ̀ wá fá àmì méjèèjì sí i lára.